Fífi Àmì Ọwọ́ Darí Rédíò Ọkọ̀: Ṣé Ó Lè Ṣiṣẹ́ Nínú Corolla Tòkunbọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìjàpó ni mò ń gbé ní Àkúrẹ́. Corolla ọdún 2010 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ ni, mo sì ti fi rédíò Áńdíróìdì sí i. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní BMW kan tó jẹ́ pé tó bá ti yí ìka po lókè gíà, ohùn rédíò á lọ sókè. Ó wù mí gan-an. Àmọ́ nígbà mìíràn tó bá ń bá wa sọ̀rọ̀, rédíò á kàn ṣàdédé figbe ta. Ṣé mo lè fi irú ẹ̀ sínú ọkọ̀ tèmi? Ṣé oòrùn wa yìí ò ní dà á rú? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà kì í rí ọwọ́ èèyàn dúdú dáadáa. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ó ṣeé ṣe nínú Corolla yín, ẹ ò sì ní gé wáyà ọkọ̀ kankan. Rírí ọwọ́ ò le fún ẹ̀rọ rárá. Sẹ́ńsọ̀ tí ò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ lè rí i. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí ẹ̀rọ mọ ìgbà tó yẹ kó ṣe bí ẹni pé òun ò rí nǹkan kan. Yorùbá ò lè sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ dákẹ́, nítorí náà ohun tí ẹ ó fi ọ̀pọ̀ àkókò yín ṣe nìyẹn. Ẹni tí kò bá ṣètò rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló máa yọ ẹ̀rọ náà dànù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti BMW yẹn. Ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ náà gbé e jáde nínú 7 Series. Kámẹ́rà kékeré kan wà nínú òrùlé ọkọ̀, nítòsí iná inú ọkọ̀, ó dojú kọ ìsàlẹ̀ sí àárín gíà àti síkíríìnì. Kì í ya fọ́tò bíi ti fóònù. Ńṣe ló ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú wa ò lè rí, tó sì ń wọn bó ṣe pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ náà tó lu ọwọ́ kó sì padà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 nínú nanosecond kan (ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan). Tí ọwọ́ bá jìnnà sí kámẹ́rà ní sẹ̀ǹtímítà 60, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 120, ìyẹn nanosecond 4 péré. Bó ṣe ń wọn gbogbo ibi lára ọwọ́ báyìí ló fi ń mọ̀ bóyá ìka kan ló nà, tàbí méjì, tàbí àtẹ́lẹwọ́ ló là sílẹ̀.

Tí awakọ̀ bá yí ìka ìtọ́ka po bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, ohùn á lọ sókè. Tó bá yí i padà, á wálẹ̀. Tó bá na ìka sí síkíríìnì, á gbé ìpè. Tó bá gbá ọwọ́ kọjá, á kọ ìpè náà. Ìka méjì tí a nà síwájú, ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń yan iṣẹ́ tó máa ṣe.

Yíyí ìka po yẹn ló ń fa ariwo tí ẹ ń gbọ́. Ẹ wo ẹni tó ń sọ ìtàn tó gùn, tó wá dé ibi “ó ń bá a lọ, ó ń bá a lọ títí”: ọwọ́ rẹ̀ á ti máa yípo bí ẹni ń ro ọkà. Ọwọ́ ọ̀tún ni, nítorí ọwọ́ òsì wà lórí sítíárì, ibi tí kámẹ́rà ń wò gẹ́lẹ́ ló sì ti ń yí i. Kámẹ́rà ò ṣe àṣìṣe kankan, àmì tí wọ́n kọ́ ọ ló rí. Kí ọkọ ẹ̀gbọ́n yín wọ inú ètò ọkọ̀ lórí síkíríìnì, kó wá ibi tí wọ́n kọ Gesture control sí, kó pa á. Bọ́tìnnì ohùn àti ti orí sítíárì á ṣì máa ṣiṣẹ́. Tí kò bá fẹ́ pa á, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé orí ìbọ̀ gíà nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, kó sì yọ tẹ̀sùbáà tàbí lọ́fínńdà tó so rọ̀ mọ́ dígí àárín, torí ohun tó bá ń mì lọ mì bọ̀ níwájú kámẹ́rà máa ń dà á láàmú.

BMW fúnra wọn ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ọkọ̀ tuntun wọn kan. Volkswagen fi tiwọn sínú Golf tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2017, wọn ò sì ṣe ju kí èèyàn gbá ọwọ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì níwájú síkíríìnì lọ. Lójú tèmi, ọ̀nà yẹn ló dáa jù. Bí àmì bá ṣe pọ̀ tó ni àṣìṣe ṣe ń pọ̀ tó.

Ní ti ọwọ́ èèyàn dúdú, ẹ má fòyà. Ohun tó ń mú kí awọ ara wa dúdú, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ló ń gbé mì jù. Infrared tí àwọn sẹ́ńsọ̀ yìí ń lò, díẹ̀ ló ń gbé mì nínú rẹ̀. Nítorí náà ọwọ́ dúdú àti ọwọ́ pupa ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà ní ìwọ̀n tó súnmọ́ ara wọn. Aṣọ ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́. Tí ẹ bá wọ agbádá lọ òde ní Sátidé, apá agbádá á ti gba orí sẹ́ńsọ̀ kọjá kí ọwọ́ yín tó dé ibẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà á sí ọwọ́ tí a gbá: orin á yí, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó yí i. Ẹ ká apá agbádá lé èjìká kí ẹ tó tan ọkọ̀.

Ó wá ku Corolla. Ẹ má wá irú kámẹ́rà BMW lọ. Kò ní bá rédíò yín sọ̀rọ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ẹlẹ́tíróníìkì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́: APDS-9960 àti PAJ7620U2. Èkíní ń mọ òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì; kò mọ yíyí ọwọ́ po, oòrùn sì tètè ń dà á rú. Èkejì mọ àmì 9, yíyípo wà nínú wọn, ó sì ń rí ọwọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 5 sí 15. Òun ni kí ẹ rà. Àwọn èèyàn ń rò pé kò ríran jìnnà, wọ́n sì ń kà á sí àléébù, ṣùgbọ́n ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn: ọwọ́ tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15 sí ẹ̀bá gíà.

Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ra pákó ESP32 kan, kọ̀ǹpútà kékeré tó máa gba ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó sì máa pàṣẹ fún rédíò. Mo yan ESP32 dípò Arduino Nano, pákó mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí fóltì 3.3 ni òun àti sẹ́ńsọ̀ jọ ń lò; Nano ń fi fóltì 5 sọ̀rọ̀, ẹ ó tún ní láti ra ohun tó máa sọ ọ́ di 3.3 kó má ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Ẹ tún ra optocoupler PC817 márùn-ún, rẹsísítọ̀ 330 ohm márùn-ún, rẹsísítọ̀ 470 ohm, 1k (ìyẹn ohm 1,000), 2.2k, 4.7k àti 10k lọ́kọ̀ọ̀kan, módù LM2596 tó ń sọ iná kalẹ̀, dáyóòdù 1N5822, TVS SMBJ24A, kàpásítọ̀ 470 µF tó lè gba fóltì 50, fíúsì áńpù 1 pẹ̀lú ilé rẹ̀, àti súìṣì kékeré kan.

Iná ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí. Bátìrì ni fóltì 12 lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná tó ń bọ̀ á wà láàárín 13.8 sí 14.4. Tí wáyà bátìrì bá ṣí lójijì nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, iná lè fò sókè dé ìwọ̀n tó máa jó pákó yín pátápátá. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń fi TVS sí i. Ẹ gba iná láti inú ilé fíúsì ọkọ̀, níbi tí kì í ní iná àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ACC (ibi tí rédíò ti ń tàn kí ẹ tó sítáàtì), kí ẹ̀rọ má baà mu bátìrì tán tí ẹ bá páàkì sùn. Láti ibẹ̀, fíúsì áńpù 1 ló kọ́kọ́ wà, kó má jìnnà sí ibi tí ẹ ti gba iná. Lẹ́yìn náà 1N5822, kí iná má baà wọlé lódìkejì tí riwáyà bá ṣèèṣì yí i. Lẹ́yìn náà TVS àti kàpásítọ̀ láàárín iná àti ilẹ̀ (GND, ìyẹn irin ara ọkọ̀). Kó tó wá kan LM2596.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mítà wo LM2596 kí ẹ tó so ESP32 mọ́ ọn. Bó ṣe ń ti ọjà bọ̀, ó lè máa tú fóltì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ fi tọnafíìsì kékeré yí síkúrù rẹ̀ títí mítà á fi kà 5.0. Ó lè gbà tó ìyípo 10 kí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Ibi tí wọ́n kọ 5V tàbí VIN sí lára ESP32 ni kí fóltì 5 náà wọ̀, kí súìṣì kékeré yẹn wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Láti ara 3V3 ti ESP32 ni sẹ́ńsọ̀ á ti gba iná tirẹ̀. Wáyà méjì tí sẹ́ńsọ̀ fi ń bá ESP32 sọ̀rọ̀ ni SDA àti SCL: SDA lọ sí ẹsẹ̀ 21, SCL lọ sí ẹsẹ̀ 22. Kí wáyà àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, kí ẹ sì lọ́ wọn mọ́ra, kó má gba ariwo iná láti ara kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ máa jókòó sí: iwájú ìbọ̀ gíà, lábẹ́ rédíò, kó dojú kọ òkè, kó sì tẹ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ awakọ̀. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọọ̀dù. Oòrùn ọ̀sán máa ń gbé infrared tó lágbára wọlé láti gíláàsì iwájú, ó sì máa ń bo èyí tí sẹ́ńsọ̀ ń tàn mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ní Ọjà Ọba láti aago 11 sí aago 3, orí dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ lè gbóná kọjá 70°C, tẹ́ẹ̀pù tó lẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn á sì yọ́. Ní ẹ̀bá gíà, òjìji ló wà. Ẹ fi rọ́bà dúdú tí kò dán yí sẹ́ńsọ̀ ká bíi fìlà aláìlórí, kó ga tó mílímítà 8, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ má baà wọlé.

Ẹ má fi ike funfun bo ojú rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kó rẹwà. Ìmọ́lẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ ń tàn á lu ike náà, á padà sójú ara rẹ̀, á sì máa rò pé ọwọ́ wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ bò ó, ike dúdú tí infrared ń gbà kọjá ni kí ẹ wá, kó súnmọ́ sẹ́ńsọ̀ tó jẹ́ pé àlàfo àárín ò ní tó mílímítà 1, kí ẹ sì fi fóòmù dúdú tín-ínrín dí àárín ibi tó ń tan ìmọ́lẹ̀ àti ibi tó ń gbà á. Eruku ọyẹ́ náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà bíi ike funfun. Láti December sí February, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ tó fẹ́lẹ́ nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa bá rédíò sọ̀rọ̀ nìyí. Lẹ́yìn rédíò Áńdíróìdì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì máa ń wà tí wọ́n kọ KEY1 àti KEY2 sí, fún bọ́tìnnì orí sítíárì. Ohun tí rédíò ń ṣe ni pé ó ń wo fóltì orí wáyà náà. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní rẹsísítọ̀ tirẹ̀ tó ń fà á lọ sí ilẹ̀. Tí Corolla yín bá ti ní bọ́tìnnì lórí sítíárì, KEY1 ni wọ́n máa ń so ó mọ́ jù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún un, kí ẹ lo KEY2 fún tiyín, kí àwọn méjèèjì má baà da ara wọn rú. Ẹsẹ̀ 25, 26, 27, 32 àti 33 ti ESP32 ni kí ẹ lò. Láti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gba rẹsísítọ̀ 330 ohm lọ sí ẹsẹ̀ 1 ti PC817 kan. Ẹsẹ̀ 2 rẹ̀ lọ sí ilẹ̀. Ní òdìkejì, ẹsẹ̀ 4 gba ọ̀kan nínú àwọn rẹsísítọ̀ 470 ohm sí 10k lọ sí KEY2, ẹsẹ̀ 3 lọ sí ilẹ̀ rédíò. Mo fẹ́ràn PC817 níbí nítorí pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọjá láàárín rẹ̀. Tí ESP32 bá jóná, rédíò ò ní bá a lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áàpù sítíárì lórí rédíò. Ẹ tẹ àwòrán iṣẹ́ tí ẹ fẹ́, kí ESP32 sì tẹ “bọ́tìnnì” tirẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kí rédíò lè kọ́ ọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún márààrún, kí ẹ fi pamọ́.

Nínú ètò tí ẹ máa kọ sí ESP32, adírẹ́sì sẹ́ńsọ̀ ni 0x73. Márùn-ún péré ni kí ẹ gbà nínú àmì 9 náà: ọ̀tún fún orin tó kàn, òsì fún èyí tó kọjá, yíyípo méjèèjì fún ohùn, títì síwájú (kí àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ojú sẹ́ńsọ̀) fún ìdákẹ́. Ẹ yọ òkè àti ìsàlẹ̀. Bí àmì bá ṣe kéré tó ni àṣìṣe ṣe ń kéré tó. Ẹ yọ jíju ọwọ́ náà, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa.

Títì síwájú ní ìṣòro tirẹ̀ tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà. Kí ọwọ́ tó dé orí sẹ́ńsọ̀ láti tì síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà wọlé, sẹ́ńsọ̀ á sì ti sọ pé “ọ̀tún” tàbí “òsì” kí ẹ tó ti ohunkóhun. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé tí ètò bá gbọ́ ọ̀tún tàbí òsì, kó má ṣe nǹkan kan títí ìṣẹ́jú-àáyá 0.8 á fi kọjá. Tí títì síwájú bá tẹ̀ lé e láàárín àkókò yẹn, kó gbàgbé ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe iṣẹ́ kan, kó di etí fún ìṣẹ́jú-àáyá 1, kí ọwọ́ tó ń padà sílé má baà di àṣẹ tuntun. Fún ohùn, ìyípo kan kó jẹ́ ìtẹ̀ 2, kí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba mílísẹ́kọ́ńdù 150 àti ìsinmi 150 láàárín. Kó má ju ìtẹ̀ 6 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ìlà ètò kan péré nìyẹn, òun ni kò sì ní jẹ́ kí rédíò yín figbe ta bíi ti BMW yẹn.

Tí ọ̀tún bá di òkè, sẹ́ńsọ̀ ni ẹ yí sódì. Ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo. Tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ fi kámẹ́rà iwájú fóònù wò ó nínú òkùnkùn: ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fi infrared hàn bí iná elésè-àlùkò tó rẹ̀ dòdò. Tí ẹ bá rí i, iná ń wọ sẹ́ńsọ̀, ẹ lọ wo SDA àti SCL. Tó bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tó sì ń ṣe wọ́nranwọ̀nran nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ yín ni kò dáa. Ibi ilẹ̀ rédíò gan-an ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe síkúrù kan tó ti dógùn-ún. Tó bá sì kú díẹ̀ nígbà tí ẹ ń sítáàtì, kò burú, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń pa ACC fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí sítátà bá ń yí.

Rédíò nìkan ni kí ẹ fi í darí. Ẹ má so ó mọ́ iná iwájú, wáípà, fèrè tàbí wáyà kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Tí riwáyà bá fẹ́ ṣí ojú sítíárì torí iṣẹ́ yìí, ẹ dá a dúró: àwọn kọnẹ́tọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó wà níbẹ̀ ti báàgì atẹ́gùn ni, kò sí ohun tó kàn wá níbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí ni kí ẹ ti kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń lọ, títí ẹ ò fi ní máa wo ọwọ́ mọ́. Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, tí ẹ bá wà lórí 100, ọkọ̀ ń jẹ mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí àmì kan ò bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì.

Tí rédíò yín kò bá ní KEY2, tàbí tí riwáyà ti gé e kúrú, ẹ má tìtorí rẹ̀ ra rédíò mìíràn. ESP32 ní Bluetooth nínú. Ẹ lè kọ ètò rẹ̀ kó ṣe bíi kíbọọ̀dù orin fún fóònù yín. Láti orí fóònù ni ohùn á ti máa lọ sókè, tí orin á ti máa yí, tí rédíò á kàn máa gbọ́ ohun tí fóònù bá fi ránṣẹ́. PC817 àti rẹsísítọ̀ gbogbo á kúrò nílẹ̀, sẹ́ńsọ̀, ESP32 àti ètò iná nìkan ló máa kù.